Ojú Àwọ̀n Tí Kò Tó Íńṣì Mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa ti oṣù yìí kò dùn létí, ó sì kan púpọ̀ nínú wa. A bẹ̀ yín kí ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú.

Gbogbo yín ni ẹ ti gbọ́ pé àwọn ẹlẹ́ṣọ́ omi wá sí èbúté ní oṣù tí ó kọjá, tí wọ́n kó àwọ̀n lọ́wọ́ àwọn apẹja, tí wọ́n sì dáná sun ún ní gbangba. Nínú àwọn àwọ̀n tí wọ́n sun, ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa mẹ́ta wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Oníṣòwò ni wọ́n, tí wọ́n ń fún àwọn apẹja ní àwọ̀n ní àwìn, tí àwọn apẹja sì ń fi ẹja san án díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà wá sí ìpàdé. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ rán àwọn àgbà lọ sí ààfin láti bẹ̀bẹ̀ kí a dá ìyókù àwọ̀n padà fún wọn, kí akápò sì mú owó nínú àpò ẹgbẹ́ láti fi tù wọ́n nínú. Ẹnì kan dìde, ó ní nítorí pé a jẹ́ àlejò ni wọ́n ṣe ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa. Ariwo ta. A tú ká láìfẹnu kò, a sì ní kí akọ̀wé kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé yìí kí gbogbo ènìyàn lè rò ó dáadáa kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé.

Èrò tiwa nìyí: kí ẹgbẹ́ má lọ bẹ̀bẹ̀, kí akápò má sì mú kọ́bọ̀ kan jáde lórí àwọ̀n tí òfin kò gbà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ rántí bí omi yìí ti ṣe dé ibi tí ó wà. Odò Ọya ni ó ń ṣàn gba àárín òkúta kọjá ní Bussa àtijọ́, níbi tí òyìnbó arìnrìn-àjò nì, Mungo Park, ti bá omi lọ ní 1806. Ní 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìdènà ńlá sí Kainji, ní 1968 omi kún sẹ́yìn rẹ̀, ní 1969 ìjọba sì ṣí i fún iṣẹ́ iná mànàmáná. Omi bo Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, ó bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé pẹ̀lú. Bí ènìyàn 44,000 ni wọ́n kó kúrò ní ilé baba wọn lọ sí ibùdó tuntun. Àwọn ará Borgu, àwọn ará Yauri, àwọn Gungawa tí ń gbé orí erékùṣù, gbogbo wọn fi oko sílẹ̀, wọ́n fi sàréè àwọn baba wọn sílẹ̀ fún omi, kí iná lè tàn ní Èkó àti Ìbàdàn àti Kánò. Ohun tí ó kù fún wọn ni omi yìí àti ẹja inú rẹ̀. Nígbà tí a bá ń wí pé onílẹ̀ ń le mọ́ wa nítorí àwọ̀n, ó yẹ kí á rántí èyí pẹ̀lú.

Nígbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, àwọn àgbà tí ó wà níbẹ̀ sọ pé ẹja pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tí wọn yóò sá a sí ni ó ń wọ́n. Àwọn tí ń kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹja tí wọ́n kó jáde ní 1970 lé ní 28,000 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí ó máa fi di 1978, ó ti já wálẹ̀ sí bí 4,500. A kò ní parọ́ pé ọwọ́ ènìyàn nìkan ni ó fa èyí. Bí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bo ilẹ̀, koríko àti igi tí ó jẹrà sínú rẹ̀ a máa bọ́ ẹja fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà oúnjẹ á dínkù, ẹja á sì dínkù. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo adágún tí ènìyàn ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kù lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ènìyàn ni ó wà, a sì mọ ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe.

Ẹ ti rí àwọ̀n fífà. Àwọ̀n gígùn ni, tí ọkọ̀ yóò gbé yí omi ká, tí ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin yóò sì dúró ní etí omi máa fà á bọ̀ wá sí ilẹ̀. Ojú rẹ̀ kéré débi pé ìka ọmọdé kò lè wọ ibẹ̀. Ohun tí ó bá wà láàárín rẹ̀ kò ní ọ̀nà àbáyọ. Etí omi gan-an ni ó sì ti ń gbá ilẹ̀, níbi tí omi kò jìn, tí koríko wà, tí àwọn ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí. Ẹ̀pìyà mìíràn a máa gbẹ́ ihò sí ibẹ̀ yé ẹyin sí, òmíràn a sì máa fi ẹnu gbé ọmọ rẹ̀ kiri títí wọn yóò fi lè dá wẹ̀. Bí àwọ̀n fífà bá ti kọjá níbẹ̀, ìyá, ọmọ àti ẹyin ló bá a lọ. Àwọn kan nínú wa ní yọyọ ni wọ́n ń wá, pé yọyọ kì í dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé yọyọ kì í dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ń sá yọyọ sí lórí yanrìn, kí ẹ wo ohun tí ó dàpọ̀ mọ́ ọn. Ẹ ó rí ọmọ ẹ̀pìyà tí kò tó èékánná, ẹ ó rí ọmọ ọ̀bọ̀kún, ẹ ó rí ọmọ gíwan ruwa, ẹja tí ènìyàn kan kì í lè dá gbé bí ó bá dàgbà. Owó yọyọ ni wọ́n ń tà á.

Òfin tí ó de èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti fi dẹkùn mú àlejò. Òfin àpapọ̀ Nàìjíríà lórí ẹja odò àti ti adágún ti wà láti 1992. Ó ní ojú àwọ̀n kò gbọdọ̀ kéré ju íńṣì mẹ́ta lọ, ó sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi májèlé, ohun ìbúgbàù tàbí iná mànàmáná pa ẹja. Láti 1993 títí di 2001, ìjọba wa àti ti Jámánì jùmọ̀ ṣe iṣẹ́ kan lórí adágún yìí, ilé ìwádìí ẹja tí ó wà ní New Bussa sì bá wọn ṣe é. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n lọ láti abúlé dé abúlé láti bá àwọn olórí apẹja sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì fòfin de àwọ̀n fífà ní apá Niger àti apá Kebbi.

A mọ̀ nípa ìyẹn nítorí pé ó bá wa ní ìsọ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni wá nígbà náà, lọ́dọ̀ ọ̀gá wa tí ń ta àwọ̀n, okùn àti ìdò. Bí wọ́n ti fòfin dè é ni ọ̀gá wa ní kí á kó ìdì àwọn olójú kékeré bọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, kí á kó olójú ńlá sí iwájú. Ẹni tí ó bá mọ̀ wá a máa gba ẹ̀yìn wọlé. Nígbà tí a gba òmìnira, tí a ní ìsọ̀ tiwa, a ṣe bí a ti kọ́ wa. Nítorí náà, ẹni tí ń kọ ọ̀rọ̀ yìí kò mọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Àwa tí a tà á ni a mọ iye tí a tà.

Ohun tí ó wá yí ọkàn wa padà ni ọ̀rọ̀ àwìn, a sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ wa ti wọ inú omi láìjẹ́ pé a pa ẹja.

Apẹja kan wá sí ìsọ̀, kò ní owó lọ́wọ́. A fún un ní àwọ̀n, a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Àdéhùn ni pé kí ó máa mú ẹja wá ní gbogbo ọjọ́ ọjà títí gbèsè yóò fi tán, àwa sì ni a ó máa dá iye owó lé ẹja náà. Bí ó bá lo àwọ̀n olójú ńlá, ọjọ́ mìíràn yóò rí ẹja méjì, ọjọ́ mìíràn kò ní rí ìkankan. Ọjọ́ ọjà kò sì dúró dè é. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti kọjá tí kò mú nǹkan wá, àwa náà a ránṣẹ́ sí i, a máa sọ ọ̀rọ̀ líle. Kí ni yóò ṣe? Yóò lọ wá àwọ̀n tí ó dájú pé kò ní í ti omi bọ̀ lófìfo. Àwọ̀n olójú kékeré nìyẹn. Ọwọ́ wa náà ni yóò sì ti rà á, ní àwìn kejì. Bí ọmọ ẹja ti ń tán ni èyí tí ó ń rí ń dínkù, bí ó ti ń dínkù ni ó ń fẹ́ kí ojú àwọ̀n tún kéré sí i. A jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ń ṣí ìwé gbèsè wa wò, a sì rí i pé orúkọ ọkùnrin Gungawa kan ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Láti orí àwọ̀n íńṣì mẹ́ta ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí a kọ sí i kẹ́yìn kò tó íńṣì kan.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ń kó ẹja lọ sí Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn, ẹ mọ ohun tí a ń sọ. Ẹ̀yin ni ẹ ń sọ ọ́ fún wa ní ojú ọ̀nà pé apẹ̀rẹ̀ tí ẹja ogún máa ń kún nígbà kan, ọgọ́rùn-ún kò kún un mọ́. Owó ọkọ̀ kò sì dínkù nítorí pé ẹja kéré. Ẹja kékeré tètè ń jóná lórí ààrò, ó ń fọ́ nínú apẹ̀rẹ̀, oníbàárà sì ń ná an ní ìnákúnàá. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ ń jẹ ìyà àwọ̀n tí àwọn ọkọ yín ń tà, ẹ kàn ń jẹ ẹ́ ní ẹnu ọ̀nà kejì ni.

Èyí tí ó burú ju àwọ̀n lọ ni májèlé, ojú sì ń tì wá láti kọ ọ́. Gámálìn 20, láti ilẹ̀ wa ni ó ti ń wá. Láti nǹkan bí 1950 sí iwájú ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó, Iléṣà àti Ìbàdàn ti ń fi ẹ̀yà oògùn yìí pa kòkòrò tí ń mu omi ara igi kòkó. Oògùn kòkó ni. Ẹnì kan ni ó kọ́kọ́ rò ó pé bí ó bá pa kòkòrò, yóò pa ẹja, ó sì pa á ní tòótọ́. Ní 2009 gbogbo àgbáyé ti fohùn ṣọ̀kan ní ìpàdé àdéhùn Stockholm láti pa oògùn inú rẹ̀ tì, èyí tí wọ́n ń pè ní lindane, nítorí pé kì í tètè kúrò nínú omi, nínú ilẹ̀ àti nínú ọ̀rá ara ènìyàn. Síbẹ̀, àwọn kan kò tíì jáwọ́, bí wọn kò bá rí Gámálìn, wọ́n a ra oògùn apakòkòrò mìíràn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àwọn odò kéékèèké tí ń wọ inú adágún bá gbẹ di kòtò kòtò, wọn a dà á sínú kòtò ní òru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ ti léfòó. Kòtò kan náà ni àwọn Fúlàní ń fún màlúù ní omi, ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ń pọn sí inú kèrègbè. Bí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan bá gbé oògùn yìí wá láti ilé sínú mọ́tò, tí ó tà á fún ẹni tí kò ní oko kòkó, ó mọ ohun tí a ó fi ṣe. Kò sí igi kòkó kan ní Borgu.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

A gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé òyìnbó ni ó mú òfin ẹja wá, pé àwọn baba wa kò de omi. Ẹ lọ sí Argungu. Odò Matan Fada tí ó wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í pa ẹja nínú rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Sarkin Ruwa, ìyẹn olórí omi, ni ó ń ṣọ́ ọ. Bí ọjọ́ àjọ̀dún bá pé ni wọ́n tó ṣí i, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin yóò sì bọ́ sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú igbá ńlá àti àwọ̀n ọwọ́. Láti 1934, nígbà tí Sultan Ṣókótó Hassan dan Mu'azu bẹ Argungu wò, ni àjọ̀dún náà ti di ńlá. Lẹ́yìn 2010 ó dáwọ́ dúró fún ọdún mẹ́wàá, ó sì tún padà ní 2020. Ẹja tí wọ́n ń gbé jáde níbẹ̀, àwọn tí ó gbé e máa ń nílò ẹlòmíràn láti bá wọn gbé e. Omi Hausa ni, òfin Hausa ni, kò sì sí ẹlẹ́ṣọ́ tí ó wọ aṣọ ìjọba tí ó dá a sílẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà yóò sọ fún yín. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní sámọ́ọ̀nù, tí ń ti inú òkun gòkè wá sí odò láti yé ẹyin. Ní England àti Wales, bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá bá fẹ́ fi ìwọ̀ pa á, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Nínú òfin wọn ti 1975, ẹni tí ń ṣọ́ odò ní agbára bí ti ọlọ́pàá: ó lè wo ọkọ̀, ó lè wo apẹ̀rẹ̀, ó lè gba àwọ̀n. Àwọn ọmọ wa kì í sọ níbẹ̀ pé nítorí pé àwọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ṣe béèrè ìwé. Wọ́n ń lọ ra ìwé àṣẹ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á sọ ti ẹlẹ́ṣọ́ omi pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má rò pé a ti tà yín. Ohun tí wọ́n ṣe ní èbúté kò mọ́ tán. A rí i pẹ̀lú ojú wa pé wọ́n kó àwọ̀n olójú ńlá mẹ́jọ pọ̀ mọ́ ti kékeré, wọn kò sì fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n. Wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní ìwé. Ní ọjọ́ kẹta, ọkùnrin kan lọ bá ọ̀kan nínú àwọn tí ó pàdánù ní òru, ó ní bí owó bá wà, àwọ̀n méjì wà tí iná kò kàn. Àwọ̀n tí òfin kò gbà ní ọ̀sán ni òfin ń tà ní òru. Ìyẹn náà ni ó jẹ́ kí àwọn apẹja máa sọ pé owó ni wọ́n wá gbà, pé ọ̀rọ̀ ẹja kọ́. Ohun mìíràn tún ni pé ọwọ́ apẹja tálákà ni wọ́n ti ń gba àwọ̀n, wọn kì í dé ilé ìkẹ́rù sí tí ìdì rẹ̀ kún dé àjà. Ọkọ̀ òkun ni ó ń kó púpọ̀ nínú àwọ̀n olójú kékeré wọ̀nyí wá sí ìlú wa, ẹnu ibodè ni ó ń gbà wọlé, kò sì sí ẹni tí ó da ìkankan dúró. Bí òfin bá fẹ́ gbèrò, kí ó gbèrò láti ibẹ̀ wá. Àti pé ẹni tí ó bá sun àwọ̀n apẹja ní òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ yóò béèrè oúnjẹ ní alẹ́.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ yóò bá rán àwọn àgbà lọ sí ààfin, kí wọ́n lọ nítorí àwọ̀n mẹ́jọ tí ó bófin mu. Kí wọ́n sì béèrè pé kí a máa fi ọ̀pá wọn àwọ̀n lójú ẹni tí ó ni ín, kí a máa fúnni ní ìwé tí a kọ iye rẹ̀ sí, kí ohun tí a bá gbà di ti kóòtù. Ìbéèrè yẹn mọ́, kò sí ẹni tí yóò lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ka sí wa. Ṣùgbọ́n tí a bá lọ bẹ̀bẹ̀ fún àwọn olójú kékeré, gbogbo ẹjọ́ wa tí ó dára yóò bá a lọ.

Ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa mẹ́ta, a kò ní fi wọ́n sílẹ̀ kí ebi pa wọ́n. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣubú lulẹ̀ pátápátá, ẹgbẹ́ a máa yá ọmọ ẹgbẹ́ ní owó, òfin wa gbà á, kí ó sì san án padà bí ẹlòmíràn ti ń san. Ṣùgbọ́n owó náà kò gbọdọ̀ ra àwọ̀n kékeré padà. Ọ̀kan nínú wọn ti wá bá wa ní ìkọ̀kọ̀, ó ní òun ń rò ó láti máa ta yìnyín àti àpótí tí ń jẹ́ kí ẹja tutù. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ẹja tí ó ń bàjẹ́ ní ojú ọ̀nà kí ó tó dé Ìlọrin pọ̀ tó láti bọ́ ilé púpọ̀.

Ní ti àwìn, a dábàá pé kí àwa oníṣòwò àwọ̀n yí àdéhùn wa padà: kí a má béèrè ẹja ní gbogbo ọjọ́ ọjà mọ́, kí a máa gba owó ní oṣù oṣù, kí a sì dín in kù ní ìgbà tí omi bá ń kún tí ẹja ń yé. Èrè wa yóò pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé. A ti bá mẹ́rin sọ̀rọ̀, méjì gbà, ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹnì kan kò tíì fèsì. Ọkùnrin Gungawa tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, a ti pa gbèsè rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé wa, a sì fún un ní àwọ̀n íńṣì mẹ́ta àti ààbọ̀. Ó yí i wò lọ́wọ́ títí, ó bi wá bóyá ara wa kò yá ni.

Ìpàdé wa yóò jẹ́ ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ibi tí a ti ń ṣe é. A ó di ìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ bí a ti ń wọn ojú àwọ̀n, kí ó fa ojú kan gùn, kí ó wọ̀n ọ́n láti kókó dé kókó ní òdìkejì. Ó yẹ kí ìka mẹ́rin àgbàlagbà tẹ́ sí àárín rẹ̀. Ọ̀pá ìwọ̀n wà ní ìsọ̀ akọ̀wé fún ẹni tí ó bá fẹ́. Ẹni tí ó bá ní èyí tí kò tó, kí ó gbé e wá ṣáájú ìpàdé, a ó kọ orúkọ rẹ̀ àti iye ìdì sílẹ̀, ẹgbẹ́ yóò sì fúnra rẹ̀ gbé e lé ìjọba lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé. Tiwa ni yóò kọ́kọ́ wà lórí tábìlì. Ìdì mẹ́rin ni ó kù ní yàrá ẹ̀yìn.